Iṣẹ́ Mi ní Téṣàn Ìdí-Ọsàn

Ní oṣù tó kọjá, Fẹ̀ránmí, ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa ní Ìkòsì, wọlé wá bá mi ní pálọ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níṣẹ́, àmọ́ ìlú kékeré kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n gbé e lọ.

Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ṣé èèyàn lè lọ ṣiṣẹ́ nírú ibi bẹ́ẹ̀ kí ayé ẹ̀ má dúró sójú kan?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi, Ìyá Rónkẹ́, tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, rẹ́rìn-ín jù mí lọ. Ó ní, "Ẹni tó yẹ kó o bi náà lo bi yẹn. Ṣùgbọ́n lọ gbé omi tí wàá mu wá o, torí kò ní í parí bọ̀rọ̀."

Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Téṣàn kan ṣoṣo ni mo ti ṣe é, Ìdí-Ọsàn, abúlé kékeré kan láàárín Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Tó o bá tòògbé díẹ̀ nínú ọkọ̀, o ti kọjá ibẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá mi, Rájí, ń hun aṣọ òfì, wọ́n sì fẹ́ kí èmi náà jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n èmi ò lè jókòó sójú kan nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní kí n wá gbìyànjú. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú mi ríran, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè máa fi yangàn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdí-Ọsàn, mo rò pé wọ́n ti sọ̀ mí síbi tí kì í ṣe tèmi ni. Ilé olókùúta kan ló wà níbẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Yàrá kan ni ọ́fíìsì, ojú fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Yàrá kejì ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú irin méjì ló wà níwájú ilé náà, kí ọkọ̀ kan lè yà fún èkejì, lẹ́yìn ìyẹn, igi ọsàn ni títí dé ibi tí ojú ríran dé. Ọkọ̀ tó gbé mi wá lọ, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo gbé àpótí mi sílẹ̀, mo wò yíká bóyá mo máa rí ìlú.

Ọkùnrin gíga kan jáde láti inú ọ́fíìsì, wọ́n ti lọ aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ dáadáa, kò sí ibi tó hunjọ. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ni Làmídì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bọ́tìnnì ẹ kan ṣí sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò ọ́."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àfi ewúrẹ́ kan.

Bí mo ṣe pàdé Ọ̀gá Adéṣínà, ọ̀gá téṣàn Ìdí-Ọsàn, nìyẹn. Àwọn ló sọ mí di òṣìṣẹ́. Wọn kì í na èèyàn, wọn kì í sì í bú èèyàn. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé tí mo bá ti gbá ilẹ̀ tán, wọ́n á rìn yí téṣàn ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á dúró síbì kan, wọ́n á máa wo ilẹ̀ níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi á lọ mú ìgbálẹ̀ pa dà. Àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé tí a fi ń dá ọkọ̀ dúró tàbí tí a fi ń ní kó máa lọ, mo gbọ́dọ̀ fọ̀ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n lọ̀ wọ́n bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ kí àna.

Tí ọkọ̀ bá wọlé, iṣẹ́ mi ni láti máa pe orúkọ téṣàn kí ẹni tó fẹ́ sọ̀ lè mọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo pè é jẹ́jẹ́ torí ojú ń tì mí. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n mú mi gba àárín ọgbà ọsàn kọjá títí dé ẹ̀yìn abúlé, wọ́n fi mí síbẹ̀, wọ́n sì pa dà sí téṣàn. Wọ́n ní kí n máa pe Ìdí-Ọsàn títí àwọn yóò fi gbọ́ ọ lórí àga àwọn. Mo pè é títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lódò sọ igbá sílẹ̀, wọ́n ní ta ló kú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Aké-Ìdí-Ọsàn ní abúlé, àwọn àgbà tó kù níbẹ̀ ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù ni tókìn. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín téṣàn kan sí èkejì, òun náà ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ń lò. Kí wọ́n má bàa kọlu ara wọn, irin róbótó kan wà tí à ń pè ní tókìn, dírẹ́bà tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ojú irin náà. Tókìn kan ṣoṣo ló lè wà níta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ tí a ti ń fà á yọ ò ní yọ òmíràn sílẹ̀. Tí ọkọ̀ kò bá ní í dúró, a máa so tókìn mọ́ òrùka wáyà ńlá kan, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á gbé e sókè, dírẹ́bà á na apá síta, á sì fi apá kọ́ ọ lọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré kọjá. Tó o bá bẹ̀rù tó o sì fa ọwọ́ sẹ́yìn, odidi ọkọ̀ máa dúró nítorí rẹ.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí n súnmọ́ ọkọ̀ gidi. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ sí ìparí téṣàn, wọ́n sì ń wa kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ wá bá mi pẹ̀lú apá òsì tí wọ́n nà síta, kí n lè fi òrùka náà kọ́ wọn lápá. Aṣọ funfun, fìlà, àti awò ojú ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bí ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo abúlé wá jókòó síbẹ̀. Ìyá Súfíá, olórí àwọn obìnrin tó ń ta ọsàn fún èrò ọkọ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wá fi tókìn lé dírẹ́bà gidi lọ́wọ́, mi ò fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni òjò ńlá yẹn dé. Ó rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìdá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ akérò láti Èkó ti kúrò ní téṣàn tó ṣáájú tiwa, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni wáyà tẹlifóònù kú. Ọ̀gá gbé e sétí títí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n bojú wo òjò náà, wọ́n sì yí sí mi.

"Làmídì, mú àsíá pupa, kó àwọn bángà dání. Lọ wo afárá. Tí nǹkan kan bá ṣe é, o mọ ohun tó o máa ṣe."

Bángà tí wọ́n ń wí yìí, nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, bí agolo ìpara kékeré. Orí irin la máa ń dè é mọ́. Tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gùn ún, á dún gbàmù, dírẹ́bà á sì mọ̀ pé ewu wà níwájú.

Mo sáré lọ. Odò kékeré kan wà lábẹ́ afárá náà tí wọ́n ń pè ní Awẹ́rẹ́, ọmọdé máa ń fẹsẹ̀ là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ náà, mi ò dá a mọ̀. Omi ti gbé ilẹ̀ abẹ́ afárá lọ pátápátá, àwọn irin méjèèjì so rọ̀ láàárín òfìfo bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì odò náà sì ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Tí mo bá dúró níbi tí mo wà, nígbà tí dírẹ́bà máa fi rí àsíá mi, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ máa rò pé mo ní ìgboyà. Mi ò ní. Mo sunkún. Àmọ́ mo ti àsíá bọnú ṣẹ́ẹ̀tì, mo dọ̀bálẹ̀ sórí irin, mo sì fi àyà wọ́ lọ. Àwọn pákó tó so irin mọ́ra ń mì lábẹ́ mi, omi ń bú nísàlẹ̀. Mi ò wo ìsàlẹ̀. Orúkọ ìyá mi ni mo ń pè títí ọwọ́ mi fi kan ilẹ̀ lódì kejì.

Mo sá títí dé kọ́nà, mo de bángà mọ́ irin, mo tún sá síwájú mo de òmíràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na àsíá ni mo gbọ́ ọkọ̀ náà. Ó yọ láti inú òjò, ó gun bángà àkọ́kọ́, ó dún, ó gun èkejì. Dírẹ́bà fa bíréèkì. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọkọ̀ kọjá lára mi, ó ń lọ, ó ṣì ń lọ, ó wá dúró. Odò kò jìnnà sí iwájú rẹ̀ mọ́.

Dírẹ́bà náà sọ̀ kalẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni, èédú ti sọ aṣọ rẹ̀ di dúdú. Ó tẹ̀ lé mi dé etí odò, ó wo àwọn irin náà, ó sì jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Kí lorúkọ bàbá ẹ?"

"Rájí, sà."

"Ọlọ́run á bá mi kí Rájí."

Nígbà yẹn ni Ọ̀gá yọ lódì kejì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin abúlé. Wọ́n ké sí mi láti òkè odò, "Làmídì, ṣé o fi àyè sílẹ̀ láàárín bángà méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa." Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún pẹ̀lú aṣọ tó ti rin gbindin, nínú òjò.

Nígbà tí omi fà díẹ̀, àwọn ọkùnrin abúlé na okùn láti bèbè dé bèbè, wọ́n sì ń mú èrò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó wá tún afárá náà ṣe, Ìdí-Ọsàn ló sì gba gbogbo wọn lálejò. Ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí ẹnì kankan fara kan tábìlì wọn gbé ọ́fíìsì wọn sílẹ̀ fún àwọn abiyamọ. Mo rí ọmọ kan tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà tí ó ń sùn, Ọ̀gá dúró tì í, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n to àwọn èrò fún oúnjẹ. Mo ń pariwo bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọmọbìnrin kan tó dúró níwájú mi di etí.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé adití ni wá ni?"

"Ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ẹni tó kọ́ ẹ kọ́ ẹ yé."

Mọ́rẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ṣágámù ni, ó ń kó gàrí lọ tà ní Ìbàdàn. Ó ti ní kí wọ́n tú àpò gàrí rẹ̀ kan fún àwọn èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gba ìdáná lọ́wọ́ Ìyá Súfíá, èyí tí ẹnì kankan ò dán wò rí ní abúlé náà. Nígbà tí wọ́n tún afárá ṣe tán tí ọkọ̀ wọn lọ, téṣàn náà dákẹ́ jù fún mi.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń bá ọkọ̀ kọjá. Ọkọ̀ kì í pẹ́ ní Ìdí-Ọsàn, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn máa fi ìrọ̀lẹ́ kan sọ, ọ̀pọ̀ oṣù la fi sọ ọ́. Ó máa yọ orí lójú fèrèsé, á bi mí ní ìbéèrè kan, ọkọ̀ á gbéra, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa dáhùn. Mo ní àsìkò láti ronú ìdáhùn mi dáadáa, mo sì rò pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn mi.

Ọ̀gá rí wa. Wọ́n ní, "Làmídì, ọkọ̀ yìí ò ní í dúró de ọ̀rọ̀ ìfẹ́ o." Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ní ọjọ́ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá wà nínú ọkọ̀, awò ojú Ọ̀gá máa ń dọ̀tí lójijì. Wọ́n á nù ún, wọ́n á gbé e sókè wò, wọ́n á tún un nù, kí wọ́n tó fi àsíá aláwọ̀ ewé han dírẹ́bà.

Ní ọjọ́ kan, mo bi í bóyá ó lè gbé Ìdí-Ọsàn. Ọkọ̀ gbéra kó tó fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò yọ orí lójú fèrèsé. Mo wo fèrèsé kan dé èkejì. Nígbà tí mo máa yíjú, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ní òun kàn wá wo ilé náà ná ni.

Bàbá rẹ̀ kò gbà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni mí. Ọ̀gá Adéṣínà, tí àwọn náà jẹ́ Onígbàgbọ́, ló bá mi lọ sí Ṣágámù nínú aṣọ funfun wọn. Wọ́n jẹ́ kí bàbá náà sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Mi ò wá bá yín jà lórí àdúrà, sà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ yín wà nínú ọkọ̀ tó dúró." Bàbá náà dìde. Ó wọlé, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde.

Bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe di Ìyá Rónkẹ́ nìyẹn. Ìdí-Ọsàn la bí àwọn ọmọ wa mẹ́ta sí. Láàárín ìgbà yẹn ni ohun èlò bẹ̀rẹ̀ sí í yí pa dà. Ọkọ̀ eléèédú lọ, ti dísẹ́ẹ̀lì dé. Inú àwọn obìnrin dùn torí èéfín ò ba aṣọ wọn jẹ́ mọ́ níbi tí wọ́n sá a sí, àmọ́ àwọn àgbà ní ọkọ̀ tuntun náà kò lẹ́mìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé rédíò wá tí a fi ń bá téṣàn kejì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ẹni tó wà lódì kejì bẹ̀ mí pé kí n rọra, pé òun gbọ́ mi láìsí rédíò náà.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, gbogbo abúlé sin wọ́n dé ẹnu ọkọ̀. Ìyá Súfíá gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn fún wọn, ó ń sunkún. Èmi ni mo fi àsíá aláwọ̀ ewé han dírẹ́bà. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, Ọ̀gá yọ orí síta, mo rò pé wọ́n fẹ́ dágbére.

Wọ́n ní, "Làmídì, na apá ẹ tán!"

Mo na apá mi tán. Èmi ni mo di ọ̀gá téṣàn lẹ́yìn wọn.

Mi ò ní í purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ gba èrò lọ́wọ́ wa, ọkọ̀ ojú irin dín kù, ìgbà míì oṣù á lọ láìrí ọ̀kan. Ìyá Rónkẹ́ kó àwọn ọmọ wá sí Kétu kí wọ́n lè lọ sílé ìwé tó dáa, ó ń ta ata ní Mile 12, èmi sì ń wá bá wọn tí àyè bá yọ. Mo ṣì ń gbá téṣàn náà láràárọ̀. Àwọn àgbà abúlé máa ń wá bá mi jókòó lórí bẹ́ńṣì, a ó bó ọsàn, a ó sọ ọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Mo gbádùn àwọn ọdún yẹn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí àkókò tó, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́, mo sì wá sí Ìkòsì, níbi tí mi ò ti lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀.

Mo sọ fún Fẹ̀ránmí pé mi ò mọ ìlú tí wọ́n gbé e lọ, mi ò sì lè ṣèlérí fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ibi kékeré, gbogbo ohun tó o bá ṣe ló máa hàn. Tó o bá ṣe é dáadáa, wọ́n á mọ̀, tó o bá ṣe é jákujàku, wọ́n á mọ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ràn ẹ̀. Ó lọ. Ó pè wá lánàá, ó ní wọ́n ti ń pe òun ní orúkọ kan tí òun ò fẹ́ sọ fún wa.

Láìpẹ́ yìí, Rónkẹ́ ọmọ wa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé ká fi ọkọ̀ ojú irin tuntun lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, kò sì mì. Irin tuntun náà gba ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kọjá ní ibi púpọ̀. Nígbà tí a kọjá Abẹ́òkúta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wo ìta. Ìyá Rónkẹ́ bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sójú fèrèsé pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó dìde.

Mo rí àwọn igi ọsàn ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ilé náà yọ. Ẹnì kan ti kùn ún ní àwọ̀ búlúù. Wọ́n sá aṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan ń gún nǹkan nínú odó níwájú ilé, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè wo ọkọ̀ wa. Ó kọjá. Mo ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ó kọjá kí n tó lanu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó ń wo ìta. Ó ní, "Daddy, kí ló wà níbẹ̀? Èmi ò rí nǹkan kan."

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. Ó ti gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

Ó ní, "Ilé wa ni."